Fèrèsé Ìdágbére Àntí Rhoda

Bí wọ́n bá ń fi oyè dá ẹni tó mọ ọmọ ọlọ́mọ tàn lọ́lá ní Kàbà, orí Rhoda Ọbayẹmí ni wọn ì bá gbé e lé. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti ń tọ́jú àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi nílé-ìwé kékeré kan tó kọjú sí ọ̀nà Lọ́kọ́jà, kò sì sí ìyá ọmọ kan ládùúgbò náà tí kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìyá á mú ọmọ dé láàárọ̀, ọmọ á ti di ìró ìyá rẹ̀ mú gírígírí, ètè á ti máa gbọ̀n, ẹkún ku díẹ̀. Àntí Rhoda á yọ jáde pẹ̀lú agolo mílíìkì tó kó hóró àgbàdo sí. Á mì ín, ṣẹkẹṣẹkẹ. "Wo ẹyẹlé lórí páànù," á wí. "Wò ó, ó ń wo ìwọ náà." Ọmọ á gbójú sókè. Kó tó wo ilẹ̀ padà, ìyá ti kọjá gééètì, ó ti wà lórí ọ̀kadà. Ẹkún á sọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Àntí Rhoda á sọ ọmọ sẹ́yìn, á gbá a nídìí pẹ́pẹ́, kò ní pẹ́ tí ẹkún á di oorun.

Kì í ṣe òun ló dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ṣe fún un, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ìyá rẹ̀ ṣe. Níbí, a kì í dágbére fún ọmọdé. Ọjà lo ń lọ ni, oko lo ń lọ ni, yọ́ lọ. Ẹni tó bá dúró tó ń ṣàlàyé fún ọmọ ọdún mẹ́ta, wàhálà ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ fà. Ọmọ tó ní ìyá òun kò ní sùn, ṣebí òun náà kò ní fojú kan oorun. Kí wá ni ìjà wà fún? Ohun tí Àntí Rhoda gbàgbọ́ nìyẹn, gbogbo wa la sì gbà á gbọ́ pẹ̀lú rẹ̀.

Nínú oṣù tí ilé-ìwé wọlé ni Ìyá Patience fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá. Arúgbó tó ń yan gàrí lẹ́yìn ọjà ni. Tiwaladé lorúkọ ọmọ náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Patience tó bí i ti lọ wá iṣẹ́ ní Àbújá.

"Okun o, Rhoda," Ìyá Patience kí i. "Ọmọ rẹ rè é o. Ìyá rẹ̀ kò sí nílé."

"Okun o, Ìyá. Ṣé ọmọ náà mọ̀ pé ìyá òun rìnrìn-àjò?"

"Níbo ló ti máa mọ̀ ọ́n? Lọ́jọ́ tí Patience ń lọ, mo ní kí Tiwa wá wo ológbò tó bímọ sẹ́yìn ààrò. Kí a tó padà dé iwájú ilé, ìyá rẹ̀ ti lọ."

Àntí Rhoda mi orí. Bí òun náà ì bá ti ṣe é nìyẹn.

Ohun tó kọ́kọ́ yà á lẹ́nu ni pé ọmọ náà kò sunkún. Kò sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí Àntí Rhoda mi agolo tó sì ní kó wo ẹyẹlé, àwọn ọmọ yòókù gbójú sókè, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ni Tiwa ń wò. Bó ti ń jẹun, ilẹ̀kùn ló kọjú sí. Bí wọ́n bá ń kọrin, bẹ́ẹ̀ náà ni. Wọ́n á yí àga rẹ̀ padà, á dìde, á tún un yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á sì jókòó.

Àntí Rhoda kò mọ ohun tó lè ṣe ju kó pọ̀n ọ́n. Ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ti wà ní Ìlọrin, ilé rẹ̀ dákẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Ó ń pọ̀n ọmọ náà ro ògì, ó ń pọ̀n ọ́n gbálẹ̀, ó ń pọ̀n ọ́n kọ́ àwọn yòókù ní á bí dí. Ẹsẹ̀ Tiwa ti gùn, ó ń fì sókè sódò. Mádáàmù Lájídé, ọ̀gá ilé-ìwé náà, á ní, "Rhoda, ọmọ yìí á dá ọ lẹ́yìn." Rhoda á ní ẹ̀yìn òun kò tíì ráhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń sá aṣọ ìnuwọ́ àwọn ọmọ sórí okùn, Tiwa wà lẹ́yìn rẹ̀. Ni ohùn kékeré kan bá dún létí rẹ̀, ó ní, "Àntí, òjò."

Òjò ń bọ̀ lóòótọ́, ó ti ṣú láti ọ̀nà Bùnù. Àntí Rhoda dúró síbẹ̀, kò ká aṣọ kankan, òjò sì dé, ó pa aṣọ, ó pa àwọn méjèèjì. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń rẹ́rìn-ín nínú òjò bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Láti ọjọ́ náà ni Tiwa ti ń bá a sọ̀rọ̀, òun nìkan ṣoṣo. Bí ó bá fẹ́ omi lọ́wọ́ ẹlòmíràn, etí Àntí Rhoda ló máa sọ ọ́ sí.

Nínú ọyẹ́ ni Kirsten dé. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ọmọ kékeré ní Dẹ́nmáàkì ló bá ẹgbẹ́ tiwa níbí mulẹ̀: olùkọ́ tiwọn á wá wo bí a ti ń ṣe é, tiwa náà á lọ wo tiwọn. Obìnrin gígùn kan ni, ọyẹ́ ti bó o létè. Wọ́n kọ́ ọ pé "okun" la fi ń kí ènìyàn, ló bá ń kí gbogbo ayé ní okun, títí kan ewúrẹ́ Mádáàmù Lájídé. Ó jókòó sórí ẹní pẹ̀lú àwọn ọmọ, wọ́n di irun rẹ̀ títí tí orí rẹ̀ fi dà bí orí àgbàdo. Kò sí ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, bí ìyá ọmọ kan ti ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ́ lọ, ó fa Rhoda sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èdè òyìnbó ni wọ́n ń sọ síra wọn. Èdè abínibí Kirsten kọ́, ti Rhoda náà kọ́, nítorí náà wọ́n gbọ́ ara wọn yé dáadáa.

"Ìyá ọmọ yẹn dà?" Kirsten bi í.

"Ó ti lọ sí ibi iṣẹ́."

"Ṣé ọmọ náà mọ̀?"

"Ẹyẹlé lọmọ ń wò."

Kirsten sọ fún un pé ní ọ̀dọ̀ tiwọn, fèrèsé kan wà nílé-ìwé tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìdágbére. Òbí á sọ fún ọmọ pé òun ń lọ. Á jáde, á dúró lóde. Ọmọ á gun àpótí nínú ilé, wọ́n á juwọ́ síra wọn, kí òbí tó máa lọ.

"Ọmọ tiyín kì í sunkún ni?"

"Ó ń sunkún. Ó ń sunkún gan-an."

"Ẹ̀yin wá ń wò ó?"

"A ń gbé e mọ́ra."

Rhoda rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Ó lọ sọ fún Mádáàmù Lájídé pé àwọn òyìnbó wọ̀nyí, tí ẹkún bá sùn, wọ́n á lọ jí i. Àwọn méjèèjì gbá ara wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Kirsten ń padà lọ, ó tọ́ka sí Tiwa tó ń jẹ ẹ̀wà níwájú ilẹ̀kùn, ó ní, "Kí ni ọmọ yìí ń ṣọ́?" Rhoda ní bó ṣe máa ń jókòó nìyẹn. Kò tún rò ó mọ́.

Ó wá kan Rhoda láti lọ. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì kí i kú oríire. Rhoda tí kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ìlú òyìnbó! Nǹkan kan ṣoṣo ló wúwo lọ́kàn rẹ̀. Ó lọ bá Ìyá Patience nídìí agbada gàrí.

"Ìyá, ṣé kí n sọ fún Tiwa?"

"Kí o sọ kí ni? Kí ibà lè mú un? Yọ́ lọ, jàre. Ọmọdé wo ló mọ ọ̀sẹ̀ kan yàtọ̀ sí méjì?"

Mádáàmù Lájídé sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Moyinolúwa, olùkọ́ kékeré tó máa di kíláàsì náà mú, sọ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ tó máa lọ, Rhoda lóṣòó síwájú ọmọ náà, ó sì la ẹnu. Tiwa ń wo ẹnu rẹ̀, ó ń retí ọ̀rọ̀ tó máa jáde.

"Ṣé o ti jẹun?" Rhoda wí.

"Mo ti jẹun, Àntí."

Gbogbo ohun tó lè sọ nìyẹn. Ó gbé agolo àgbàdo lé ọmọ náà lọ́wọ́, ohun tí kò tíì ṣe fún ọmọ kankan rí, ó sì ní, "Tiwa, wo ẹyẹlé lórí páànù." Tiwa tí kò gbójú sókè láti ọjọ́ tó ti dé, nítorí pé Àntí Rhoda ló ní kó wò, ó gbójú sókè. Ó ń wá ẹyẹlé náà kiri. Rhoda gbé báàgì rẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde.

Ìlú tí wọ́n mú un lọ wà létí òkun. Oòrùn ibẹ̀ kì í fẹ́ wọ̀, wọ́n sì ń tẹ́ ọmọ ọwọ́ sùn síta nínú òtútù, tí Rhoda á fi máa ti ẹ̀gbẹ́ aṣọ ìbora bọ abẹ́ wọn nígbà tí kò bá sí ẹni tó ń wò ó. Gbogbo ìyẹn, ìròyìn tó máa mú délé ni. Ohun tó mú un lọ́kàn ni fèrèsé.

Láàárọ̀ àkọ́kọ́ tó dé ilé-ìwé Kirsten, ọmọbìnrin kan gun àpótí, ó ń lu gíláàsì, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Bàbá rẹ̀ dúró lóde, kò sá, ó ń juwọ́. Ó dúró títí ọmọ náà fi juwọ́ sí i pẹ̀lú omijé lójú. Nígbà náà ló lọ. Kirsten gbé ọmọ náà mọ́ra. Nígbà tó yá, ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀, ó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nídìí yanrìn. Rhoda jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀, ó ń ṣọ́ ọmọ náà. Ó ṣọ́ ọ títí wọ́n fi jẹun ọ̀sán, títí wọ́n fi kọrin. Ọmọ náà kò wo ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í ba Rhoda. Ó pe Moyinolúwa.

"Ṣé Tiwa ń jẹun?"

"Díẹ̀díẹ̀, Àntí."

"Ṣé ó ń sọ̀rọ̀?"

"Ẹ má ronú, Àntí. Ẹ gbádùn ara yín."

Ẹni tó bá mọ èdè mọ̀ pé ìdáhùn kọ́ nìyẹn. Rhoda ní kó fi fóònù ṣe èyí tó ń fi ojú hàn. Nígbà tí àwòrán yọ, ó rí Tiwa níwájú ilẹ̀kùn, agolo wà lórí itan rẹ̀. Kò mì ín. Ó ti rù.

"Tiwa, èmi ni. Àntí ni. Wò mí, mò ń bọ̀."

Ọmọ náà wo fóònù náà fún ìgbà díẹ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ Moyinolúwa, ó sì dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí ẹní, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń da ọmọrí bo ìkòkò. Òkùnkùn nìkan ni Rhoda ń rí. Ó ń gbọ́ bí àwọn ọmọ yòókù ti ń ka á bí dí.

Ó ní òun fẹ́ padà sílé. Wọ́n ní tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò ṣe é yí padà. Mádáàmù Lájídé pè é pé kó jọ̀ọ́, kó má dójú ti Kàbà. Ọmọ ẹyọ kan á gbàgbé. Rhoda rìn lọ sí etí òkun lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó wo omi náà títí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ẹni tó ń wo omi lè ṣe sí i. Ó bi Kirsten léèrè pé ẹni tó ti lọ, ṣé ó lè padà wá dágbére.

"Mi ò mọ̀, Rhoda," Kirsten wí.

Nígbà tó dé Kàbà, òjò ti ń rọ̀ dáadáa. Ó ra ọmọláńgídi aláṣọ kan bọ̀ fún Tiwa. Ọmọ náà kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó fi ọwọ́ méjì gbà á, ó ní, "Ẹ ṣé, mà."

Kò pè é ní mà rí. Moyinolúwa ní ó ti ń bá gbogbo ènìyàn sọ̀rọ̀ báyìí: ẹ káàárọ̀, mà, ẹ ṣé, mà, mo ti jẹun, mà. Inú Mádáàmù Lájídé dùn, ó ní ọmọ náà ti gbọ́n. Rhoda bẹ̀rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí Tiwa, ó sì na ọwọ́ sẹ́yìn bó ti máa ń ṣe, kí ọmọ náà lè gun ẹ̀yìn rẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, Tiwa ti padà sórí àga rẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn. Rhoda kò tètè dìde.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Rhoda wo ẹ̀yìn títí ọrùn fi dùn ún. Lẹ́yìn náà ló gbé bẹ́ǹṣì sábẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ọ̀nà Lọ́kọ́jà, ó sì sọ fún àwọn ìyá ọmọ pé yíyọ́ lọ ti tán.

Ariwo sọ. "Àntí Rhoda, ṣé ọmọ wa ni wọ́n ní kẹ́ ẹ máa fi dán iṣẹ́ òyìnbó wò?" Òmíràn ní òun á pẹ́ dé ibi iṣẹ́, pé ta ló máa dúró nínú òjò máa juwọ́ sí ọmọ tó ń ké. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ẹkún inú ilé-ìwé náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta epo bẹntiróòlù níwájú, wọ́n wá béèrè ẹni tó kú. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ẹkún ń dín. Àwọn ọmọ ń fa ìyá wọn lọ sí ìdí fèrèsé fúnra wọn, wọ́n á juwọ́, wọ́n á yíjú, wọ́n á bá eré lọ.

Tiwa kò sún mọ́ fèrèsé náà. Ta ló fẹ́ juwọ́ sí? Nítorí náà, Rhoda yí ètò náà padà. Nígbà tí ilé-ìwé bá jáde, tí Ìyá Patience bá wá mú ọmọ náà, Rhoda á dúró sí fèrèsé. "Tiwa, ó dàbọ̀," á wí. "Mò ń lọ sílé. Lọ́la, màá wà níbí." Á máa juwọ́ títí àwọn méjèèjì fi sọdá títì. Kò sí ọjọ́ tó pa á jẹ. Ọmọ náà kò wẹ̀yìn rí. Mádáàmù Lájídé ní, "Rhoda, sinmi," ohùn rẹ̀ kò sì ní ẹ̀fẹ̀ nínú.

Lọ́sàn-án Fúráìdé kan, bí wọ́n ti sọdá, Tiwa dúró lábẹ́ igi máńgòrò tó wà ní òdì kejì. Kò yíjú. Ó kàn dúró, ọmọláńgídi wà lábíyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ àgbà ń fà á lọ́wọ́, òun dúró. Ọwọ́ Rhoda wà lókè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ. Ìyẹn nìkan ló ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n Rhoda gbé e sọ́kàn lọ sílé. Ó ń rò ó títí oorun fi gbé e lọ. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ó kọrin tayọ̀tayọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì débi tí àwọn ẹgbẹ́ akọrin fi ń wò ó.

Ní Mọ́ńdè, Ìyá Patience nìkan ló dé, abọ́ gàrí wà lórí rẹ̀.

"Okun o, Rhoda. Gàrí rẹ rè é, o ṣé gan-an lórí ọmọ wa."

"Tiwa ńkọ́, Ìyá?"

"Patience wá mú un lánàá. Ó ti rí yàrá gbà ní Àbújá, ó ní ilé-ìwé wà nítòsí ibẹ̀."

Rhoda ní, "Lánàá?"

"A kọ́kọ́ ní ká wá sọ fún ọ. Èmi ni mo ní rárá. Gbogbo Kàbà ló mọ bí o ti fẹ́ràn ọmọ náà tó. Mo ní kí ni a fẹ́ wá fún ọ ní ẹkún sí? Mo ní kí wọ́n rọra yọ́ lọ."

Kò sí bí ènìyàn ṣe lè bá arúgbó náà bínú. Inú rere ló fi ṣe é, bí Rhoda náà ti fi inú rere ṣe é fún àìmọye ọmọ.

"Ṣé ó sọ nǹkan kan?"

"Kò sọ nǹkan. Àmọ́ mo sìn wọ́n dé gáréèjì, iwájú ilé-ìwé yìí náà ni takisí gbà kọjá. Ló bá kúnlẹ̀ lórí àga mọ́tò, ó kọjú sí fèrèsé yín yìí, ó ń juwọ́. Mo ní, Tiwa, Sọ́ńdè lòní, wọ́n ti fèrèsé pa, Àntí kò sí níbẹ̀. Ó ń juwọ́ títí a fi yà ní kọ́nà."

Rhoda gba abọ́ gàrí náà, ó ní ẹ ṣé, Ìyá. Ó wo fèrèsé. Ọmọkùnrin kan dúró lórí bẹ́ǹṣì, ó kọ ẹ̀yìn sí gíláàsì, ó ń sunkún. Ìyá rẹ̀ wà lóde, ó ń juwọ́, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ máa lọ. Rhoda fẹ́ sọ fún un pé kó dúró díẹ̀ sí i, ló bá gbé abọ́ gàrí sílẹ̀, ó sì lọ sídìí fèrèsé náà.